Ọjọ́ mẹ́rin ní Champawat, ìlú orí òkè tí àwọn ará Delhi gan-an ò mọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, tó bá jẹ́ ibi tí ariwo àti fàájì wà lẹ̀ ń wá, ẹ má lọ sí Champawat. Nígbà tí mo sọ fáwọn tá a jọ ń gbé ní Noida, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delhi, pé ibẹ̀ ni mò ń lọ nísinmi Diwali, ọdún àwọn Híńdù, "níbo nìyẹn?" ni gbogbo wọn ń bi mí, ọmọ Íńdíà ni wọ́n o! Nainital, ìlú orí òkè tó gbajúmọ̀, ni wọ́n mọ̀. Ìpínlẹ̀ Uttarakhand kan náà ni Champawat wà, lágbègbè Kumaon, odò Kali ló pààlà òun àti Nepal, ọdún 1997 ni wọ́n sọ ọ́ di district, ìyẹn ẹkùn ìjọba, tiẹ̀.

Mo wọ rélùwéè láti Delhi dé Tanakpur, ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó tẹ́jú parí sí. Jíìpù àjọwọ̀ ló kù, nǹkan bíi kìlómítà 75, kọ́nà lórí kọ́nà, inú mi ń dà rú, ìyá kan tó jókòó tì mí ló fún mi ní ọsàn wẹ́wẹ́ pé kí n máa gbóòórùn ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò bá ti bì sára ẹlòmíì. Ẹ má lọ lásìkò òjò rárá, láti July dé September, torí òkè máa ń ya lulẹ̀ bo ọ̀nà níbi tí wọ́n ń pè ní Swala, ẹ lè sùn sínú mọ́tò.

Ibi tínú ti bí mi ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tá a ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù, bí wọ́n ṣe rí pásípọ́ọ̀tì mi báyìí ni wọ́n ní àwọn ò gba àlejò òkè òkun. Ṣẹ́ ẹ mọ̀, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Form C, tí onílé gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ síjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àlejò ò bá jẹ́ ọmọ Íńdíà, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ò sì fẹ́ wàhálà ẹ̀. Mo wá ń wọ́ báàgì kiri bí ìyàwó tí ọkọ lé. Ẹ bi wọ́n nípa Form C kẹ́ ẹ tó kúrò nílé o. Ibi tí mo padà sùn dáa, bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni wọ́n fún mi, òtútù ṣì wọ eegun.

Tẹ́ńpìlì Baleshwar wà nínú ìlú gan-an. Àwọn ọba ìdílé Chand tó ń ṣàkóso Kumaon ló kọ́ ọ fún Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù, nígbà tí Champawat ṣì jẹ́ olú ìlú wọn, kí wọ́n tó kó lọ sí ìlú Almora ní ọ̀rúndún 16. Mo rò pé màá wò ó fún ogún ìṣẹ́jú, wákàtí méjì ni mo lò. Ẹ gbójú sókè wo àjà ẹ̀, òkúta ni wọ́n gbẹ́ bíi léèsì yẹn! Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ọmọ iléèwé méjì tó ń jẹ ẹ̀pà nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Wọ́n ní lẹ́yìn tíṣẹ́ parí, ọba gé ọwọ́ kan lára agbẹ́kùúta tó ṣe tẹ́ńpìlì yẹn kó má bàa ṣe irú ẹ̀ fẹ́lòmíì. Ọkùnrin náà wá fi ọwọ́ kan tó kù, ọmọ ẹ̀ obìnrin ń ràn án lọ́wọ́, ó kọ́lé òkúta sórí ìsun omi nínú igbó, lóru ọjọ́ kan. Ek Hathiya Naula lorúkọ ẹ̀, ìsun omi ọlọ́wọ́ kan. Bíi kìlómítà márùn-ún sílùú ni, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dáadáa. Ère kéékèèké kún ara ògiri ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbàgbé fóònù. Ẹni tó mú mi lọ ò tiẹ̀ rántí orúkọ ọba, ti ọlọ́wọ́ kan yẹn ló ń sọ ṣáá.

Ní ti odi Banasur, ẹ rọra o, fọ́tò máa ń purọ́. Ẹ ó gba Lohaghat, tó jẹ́ kìlómítà 14 sí Champawat, ẹ ó dé Karnkarayat, lẹ́yìn náà ẹ ó gun òkè tí èémí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, ògiri òkúta tó ti wó lẹ ó bá lókè. Ẹni tó bá ti rí àwọn odi ńláńlá ìpínlẹ̀ Rajasthan máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Banasur, òmìrán ẹlẹ́gbẹ̀rún ọwọ́, ló ni ín, Krishna, òrìṣà Híńdù, ló pa á, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló sọ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ di pupa. Ẹlẹ́gbẹ̀rún ọwọ́ o, odi ẹ̀ ti wó, ti ọlọ́wọ́ kan ṣì dúró, mo rẹ́rìn-ín lórí òkè lọ́hùn-ún bíi wèrè. Àmọ́ ẹ wo iwájú, òkè oníyìnyín Himalaya tò lọ láti ìkángun kan dé ìkejì. Torí ìyẹn nìkan, ẹ gùn ún.

Mayawati náà ò jìnnà sí Lohaghat, ilé ẹ̀sìn Híńdù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899, Vivekananda, gbajúmọ̀ olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù, fúnra ẹ̀ débẹ̀ ní 1901. Kò sí ère kankan níbẹ̀, ó pa rọ́rọ́. Oúnjẹ? Rótì dúdú yẹn, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ mandua ṣe, bí ẹni tẹ́ àmàlà pẹlẹbẹ ni, ó dùn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, hòtẹ́ẹ̀lì ló jẹ ìkan tó kù. Ọjọ́ tí mo ń lọ, wọ́n mú mi lọ sójúbọ Golu, òrìṣà tó ń dá ẹjọ́ láàárín àwọn ará Kumaon, àwọn èèyàn máa ń kọ ẹ̀sùn sórí bébà fún un, ẹni tó bá jàre á padà wá so agogo. Èmi náà wá bébà, mo kọ ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn sí i, ní Yorùbá. Tó bá lè kà á, mo jẹ ẹ́ ní agogo kan.