Páálí, fóìlì àti sítúrọ́ọ̀: àgbéyẹ̀wò àwọn ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe fún fílàṣì

Ibi tí mo ń lọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Nínú gbogbo ohun tí mo fi páálí ṣe láti máa fi ya fọ́tò ojú èèyàn, àwọn tó ń ká iná kò, tí kì í jẹ́ kó fọ́n káàkiri, ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn kò yàtọ̀ sí ti ilé ìtajà. Èyí tó ń mú kí iná rọ̀, ìyẹn softbox, ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ wàhálà rẹ̀ pọ̀. Iná rẹ̀ kọ́ ni wàhálà o, ara rẹ̀ ni.

Ojú fílàṣì tí à ń gbé sórí kámẹ́rà kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí òjìji imú fi máa ń dúdú, tí etí rẹ̀ á sì mú lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí à ń yà. Tí ojú ibi tí iná ti ń jáde bá fẹ̀, tó sì sún mọ́ ẹni náà, òjìji á rọ̀. Kò kan iná bóyá inú páálí tẹlifíṣọ̀n ló gbà kọjá tàbí inú aṣọ olówó ńlá. Páálí tèmi fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà níwájú. Mo gé ihò sí ìdí rẹ̀ kí orí fílàṣì lè wọlé, mo sì lẹ fóìlì mọ́ gbogbo inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rún fóìlì náà mọ́wọ́, kí ẹ wá tẹ́ ẹ padà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí èyí tó bá ń dán láìní ìhunjọ máa ń da gbogbo iná sí ojú kan.

Aṣọ funfun kan ṣoṣo níwájú kò tó. Àárín rẹ̀ á funfun báláú, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣókùnkùn, ìyẹn ni pé páálí ńlá ni ẹ gbé dání, àmọ́ iná kékeré lẹ ṣì ń lò. Aṣọ kejì tí mo ta sí inú páálí, láàárín fílàṣì àti aṣọ iwájú, ló tún un ṣe, pẹ̀lú pé mo yí zoom fílàṣì, ìyẹn ohun tó ń fẹ iná tàbí tó ń ká a kò, sí 24 mm kó lè fọ́n dé ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín dára, ẹ kọjú kámẹ́rà sí páálí náà fúnra rẹ̀, ẹ lo f/16 (ìyẹn ni pé ẹ dín ojú lẹ́ǹsì kù gan-an), ẹ rẹ agbára fílàṣì sílẹ̀, kí ẹ sì yà á. Ibi tí iná kò dé á hàn kedere. Tàbí kí ẹ fa fọ́tò ẹni tí ẹ yà tóbi títí dé ẹyinjú: igun mẹ́rin páálí yẹ kó hàn níbẹ̀, kó funfun dọ́gba.

Aṣọ méjèèjì yìí ń jẹ iná tó stop méjì (stop kan ni pé kí iná dín kù sí ìdajì). Iṣẹ́ tí fílàṣì lásán ń ṣe ní 1/16 agbára rẹ̀, ó di 1/4 kó tó ṣe é, bátìrì á sì tètè rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àwọ̀ aṣọ náà pẹ̀lú. Funfun kan wà tó funfun lójú, tó sì máa ń pọ́n díẹ̀ nínú fọ́tò. Páálí aláwọ̀ eérú tí a fi ń ṣètò white balance, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ohun tó funfun, lè tún ìyẹn ṣe tó bá jẹ́ fílàṣì kan ṣoṣo là ń lò. Tí òmíràn bá wà lẹ́yìn tí kò ní aṣọ lójú, ẹ tún ti iwájú ṣe, ti ẹ̀yìn á bàjẹ́.

Ara rẹ̀ tí mo ní ó ń fa wàhálà wá ńkọ́? Orí fílàṣì kò lágbára láti gbé páálí ńlá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ sílẹ̀, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyà lò ń tan iná sí, kì í ṣe ojú. Téèpù ń ṣí. Kì í ká, atẹ́gùn díẹ̀ ló sì ń gbé e ṣubú tòun tọ̀pá. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn rẹ̀ o, kí iná má bàa jò, àti nítorí oníbàárà: ẹni tó bá rí àwòrán tẹlifíṣọ̀n lára ohun tí à ń fi ya òun, ojú tó máa ṣe kì í ṣe irú èyí tí à ń wá. Fílàṣì sítúdíò tó ní gílóòbù tó máa ń gbóná nínú ńkọ́? Ẹ má gbé páálí sún mọ́ ọn rárá, iná lè ràn.

Grid sítúrọ́ọ̀, ìyẹn sítúrọ́ọ̀ púpọ̀ tí a lẹ̀ pọ̀ síwájú fílàṣì kí iná má bàa fọ́n, ni ààyò mi. Sítúrọ́ọ̀ dúdú ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹ̀gbẹ́ èyí tó mọ́ gaara ni iná máa ń gbà jò. Èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 6 mm, tí mo gé sí 5 sẹ̀ǹtímítà, ń jẹ́ kí iná jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 14. Tí mo bá gé e sí ìdajì, á tó 27. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ìlà kan ni a sì ń lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí gọ́ọ̀mù gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ń súni. Àmọ́ nígbà tó bá parí, ẹ gbé e sẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà, ẹ kọjú rẹ̀ sí irun: irun á tàn, ògiri ẹ̀yìn á ṣókùnkùn bó ṣe wà. Snoot kò tiẹ̀ gba àkókò, páálí dúdú tí a ká yí orí fílàṣì ni, pẹ̀lú zoom tí a tì lọ sí 105 mm.

Abọ́ tí àwọn kan fi ń ṣe beauty dish, ìyẹn ohun onírìísí abọ́ tí à ń fi sójú fílàṣì láti ya ojú èèyàn, kò wù mí. Wàhálà rẹ̀ tó ti softbox, kò sì fẹ̀ tó o.

Èyí tó rọrùn jù ni páálí fóòmù funfun tí ẹni tí à ń yà á gbé sórí itan, kó lè da iná padà sábẹ́ àgbọ̀n àti ojú. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ díẹ̀ kí ẹ sì máa wo ìyàtọ̀, torí tí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí fílàṣì, ìdá kan nínú mẹ́rin iná ló ń kù, irú nǹkan kan náà ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí iná tí páálí ń dá padà.

Tí ẹ bá ń kọ́ṣẹ́, tàbí tó jẹ́ inú ilé nìkan lẹ ti ń yà, ẹ kan softbox náà. Ẹni tó ń gbé irinṣẹ́ kiri, kó ra èyí tó ń ká, tó ní irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọ̀pá. Grid ní tèmi, n kò ní ra.