Kíkọ́ kóòdù Morse: ti Koch ni àbí ti Farnsworth?

Láti ọdún 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti yọ Morse, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti gígùn dípò lẹ́tà, kúrò nínú ìdánwò àwọn tó ń lo rédíò fún ìgbádùn, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń kọ́ ọ nítorí pé ó wù wọ́n. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀.

Ludwig Koch, ọmọ Jámánì, ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939. Lẹ́tà méjì péré ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, lóde òní K àti M ni wọ́n sábà máa ń lò, àmọ́ kíákíá ni wọ́n á máa lù wọ́n, bí ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan. Tí o bá ti ń gba 90 nínú 100, wọ́n á fi lẹ́tà kan kún un. Kò sí àyè láti máa ka ìró kúkúrú àti gígùn. "Dáà-di-dáà" lódindi ni K. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí ẹni tó bá ń kà á lọ́kàn sábà máa ń há sí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ gidi, ìyẹn sì máa ń sú èèyàn.

Ti Farnsworth ńkọ́? Lẹ́tà ṣì ń yára, àlàfo àárín wọn ni wọ́n fà gùn. Wàá tètè máa gbọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ àlàfo yẹn lè sọ ọ́ di ẹni tó ń ka ìró lọ́kàn.

Lójú tèmi, kí onísùúrù mú ti Koch. Ẹni tó ń kánjú àtibá èèyàn sọ̀rọ̀ lè mú ti Farnsworth, kó sáà máa dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀.