Kí Ló Wà Lọ́kàn Gaius Baltar? Àgbéyẹ̀wò Battlestar Galactica Lẹ́yìn Tí Mo Wò Ó Lẹ́ẹ̀kẹta

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń jókòó lálaalẹ́ wo eré tẹlifíṣọ̀n Battlestar Galactica láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí àpótí àwo DVD tí mo fi owó ara mi rà. Ìgbà kẹta nìyí tí mo máa wò ó tán. Mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà rà á, àti fún àwọn tó ti wò ó tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìdí tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi hu ìwà tí wọ́n hù. Ọ̀rọ̀ ìdí yìí gan-an ló gbé mi padà sídìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ bí ìtàn náà ṣe parí, kí ó ka ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ lé èyí, kí ó sì dúró níbẹ̀.

Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń sọ ni èyí tí Ronald D. Moore tún gbé kalẹ̀, tó fi fíìmù alápá méjì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, tó sì parí ní oṣù Kẹta ọdún 2009 lẹ́yìn apá mẹ́rin. Àwọn ènìyàn tó ń gbé inú ayé méjìlá ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cylon láti máa sìn wọ́n. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà dìtẹ̀, wọ́n jagun, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n padà dé, tí àwọn kan nínú wọn ti gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ débi pé ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀, wọ́n sì fi bọ́ǹbù átọ́míìkì pa ayé méjèèjìlá run. Bí ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀ ènìyàn ló ṣẹ́kù, nínú àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan, Galactica, ń ṣọ́. William Adama, tí Edward James Olmos ṣe, ni olórí ọmọ ogun. Laura Roslin, tí Mary McDonnell ṣe, ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó di ààrẹ nítorí pé gbogbo ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ ti kú, ní ọjọ́ kan náà tí dókítà sọ fún un pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú.

Ní ti àpótí tí mo rà, kò sí ẹ̀sùn púpọ̀. Àwo kan nínú apá kejì ní ìlà lára, ó sì ń dúró láàárín eré, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì dà bí ẹni pé eruku wà lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, kì í ṣe pé tẹlifíṣọ̀n yín bàjẹ́. Ẹ lo ẹ̀rọ agbóhùn tó dára bí ẹ bá ní in, nítorí ìlù tí Bear McCreary fi sí i tó ẹni tí ń sọ ìtàn fúnra rẹ̀. Ẹ fi fíìmù ọdún 2003 bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì yẹ ẹ̀yìn àpótí wò kí ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo àpótí ló ní fíìmù méjì tó bá eré náà rìn, Razor ti ọdún 2007 àti The Plan ti ọdún 2009, nínú. Ohun tó wúlò jù lọ fún mi ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, nítorí pé Gaius Baltar fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì máa ń jẹ́ pé ibi tó bá ti rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni òótọ́ ọ̀rọ̀ wà.

Baltar yìí, tí James Callis ṣe, ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó lókìkí jù lọ láàárín wọn. Òun ló ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ètò ààbò fún obìnrin kan tó ń fẹ́, láìmọ̀ pé Cylon ni obìnrin náà, Six, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ Cylon tí wọ́n ní ojú kan náà. Lọ́jọ́ ìparun, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tó jẹ́ ti ológun balẹ̀ sórí Caprica, ọ̀kan nínú ayé méjìlá náà, àwọn ènìyàn sì rọ́ bò ó. Àyè díẹ̀ ló kù, nítorí náà wọ́n pín nọ́ńbà. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò mú awò ojú dání na ìwé tirẹ̀ sí Baltar pé kó bá òun kà á, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè sì ni nọ́ńbà ìyá náà. Ẹ wo ojú Callis níbẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo ìyá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá láti dá a padà. Kó tó mọ ohun tó máa ṣe, ológun kan tí wọ́n ń pè ní Helo dá a mọ̀, ó bi í pé ṣé kì í ṣe òun ni Gaius Baltar. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun kò ṣe nǹkan kan. Helo bọ́ sílẹ̀, ó fi àyè tirẹ̀ fún un.

Gbólóhùn yẹn, pé òun kò ṣe nǹkan kan, ni mo rò pé ó ṣí ọkàn ọkùnrin náà payá, ó sì ya mí lẹ́nu pé àwọn olólùfẹ́ eré yìí kì í sábà dúró lé e lórí. Ìméfò tó pọ̀ jù láàárín wọn dá lórí obìnrin kan náà, Six, tó máa ń fara hàn án tí ẹlòmíràn kò sì rí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ kékeré ni àwọn Cylon fi sí i lọ́pọlọ. Àwọn mìíràn ní wèrè ni. Àwọn kan ní ẹ̀mí ni. Nígbà tí àyẹ̀wò ọpọlọ rẹ̀ fi hàn ní apá kejì pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, àríyànjiyàn náà tún gbóná sí i. Èmi kò rí i pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè sọ fún wa ohun tó ń ti ọkùnrin náà. Ẹni yòówù kó máa bá a sọ̀rọ̀ létí, òun fúnra rẹ̀ ló ń yàn.

Àbúrò mi obìnrin, tó wo apá méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú mi, kò gbà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dàlẹ̀ ni ọkùnrin yìí, ìmọtara-ẹni-nìkan ló ń dà á láàmú. Ẹ má gbèjà rẹ̀ mọ́.” Mo ní kó ní sùúrù di apá kẹta.

Ní apá kẹta, nínú ẹ̀písóòdù tí wọ́n pè ní Dirty Hands, Baltar wà ní àtìmọ́lé, Tyrol tó jẹ́ olórí àwọn mẹkáníìkì sì wá bá a. Baltar sọ fún un pé ará Aerilon ni òun, ayé àwọn àgbẹ̀, níbi tí oúnjẹ àwọn ayé yòókù ti ń wá tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ka àwọn ará ibẹ̀ sí. Lójijì, ó yí ohùn rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó sì bi Tyrol bóyá ó mọ bó ṣe nira tó fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láti yí ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ padà.

Mo dá àwo dúró níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi náà nígbà tí wọ́n mú mi kúrò nílùú wa ní Èkìtì lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé kíláàsì, mo sọ fún olùkọ́ pé mo gbàgbé ìwé mi sí “ulé”, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ pọnmi, mo máa ń sọ ọ́ sábẹ́ ètè pé “ilé, ilé, ilé”, títí ahọ́n mi fi gbà á. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa ní ìparí ọdún, mo dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kí àwọn ọ̀rẹ́ mi má baà gbọ́ bó ṣe ń pè mí. Mi ò ì tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ìtìjú ló ń lé Baltar kiri, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ pa ẹni tó jẹ́ mọ́ kò ní ṣòro fún un láti sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé lójú ara rẹ̀, ẹni tó ṣe é kì í ṣe òun.

Ẹ fi ojú yìí wo ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tó gbé fún Gina, Six mìíràn tí àwọn ológun ọkọ̀ Pegasus ti fìyà jẹ kọjá ààlà. Ọ̀pọ̀ ní ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú: òun ló gba Roslin là lọ́wọ́ ikú, lẹ́yìn náà ló ka lẹ́tà tí Roslin ti kọ sílẹ̀ fún un, lẹ́tà tó fi hàn pé obìnrin náà rí inú rẹ̀, tí kò sì rí àánú tó pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń sá kí wọ́n má baà rí òun, wọ́n ti rí i. Bọ́ǹbù náà tẹ̀ lé lẹ́tà náà gan-an, bí ẹni pé wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀.

Ẹni tó dun mi jù lọ nínú eré náà, síbẹ̀, ni Felix Gaeta, tí Alessandro Juliani ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìdarí Galactica, tó sì ka Baltar sí àwòkọ́ṣe. Nígbà tí Baltar di ààrẹ, tó sì juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Cylon lórí New Caprica, ayé tuntun tí wọ́n tẹ̀dó sí, Gaeta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ níkọ̀kọ̀ sí àwọn tó ń jà, tó sì máa ń lo abọ́ oúnjẹ ajá gẹ́gẹ́ bí àmì. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bọ́, àwọn ará rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ sí òfuurufú gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rọ̀ abọ́ ajá yẹn nìkan ló sì yọ ọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọta ìbọn gé e lẹ́sẹ̀, tó dùbúlẹ̀ tó ń kọrin ní ilé ìwòsàn inú ọkọ̀, ohùn Juliani gan-an sì ni ẹ ń gbọ́. Ní apá kẹrin, òun àti Tom Zarek, igbákejì ààrẹ, dìtẹ̀ mọ́ Adama.

Àwọn tó sọ pé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi dìtẹ̀ kò wo àwọn fíìmù kúkúrú tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìparí ọdún 2008, The Face of the Enemy. Níbẹ̀ la ti mọ̀ pé ó gbé orúkọ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé fún Cylon kan tó fọkàn tán, kí ó lè bá a tú wọn sílẹ̀, Cylon náà sì pa wọ́n. Ẹni tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú, tí wọ́n sì ní kó gbà kí àwọn Cylon di alájọṣe, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló ń bá jà. Kí wọ́n tó yìnbọn pa á, Baltar nìkan ló wá jókòó tì í. Gaeta sọ fún un pé òun ní ìrètí pé àwọn ènìyàn yóò mọ ẹni tí òun jẹ́ lọ́jọ́ kan. Baltar ní òun mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n nà án ní ìbọn, ó wo kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń yún un láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì sọ pé ó ti dáwọ́ dúró. Mo sunkún níbẹ̀ nígbà kẹta gẹ́gẹ́ bí mo ti sunkún nígbà àkọ́kọ́.

Níbi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀dọ̀ àwọn Cylon. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó ń hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀písóòdù sọ pé wọ́n ní ètò kan, Moore fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba pé nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé kò tíì pinnu ẹni tí àwọn Cylon márùn-ún ìkẹyìn, àwọn tí eré náà fi pamọ́ fún wa títí di ìgbà tó pẹ́, jẹ́. Ó hàn nínú rẹ̀. Cavil, tí Dean Stockwell ṣe, rí ìdí gidi gbà nígbà tó bínú sí ìyá tó dá a pé kí ló dé tó fi òun sínú ara ènìyàn, nígbà tí òun ń fẹ́ ojú tó lè rí ìtànṣán gamma, ṣùgbọ́n apá kẹrin ni ọ̀rọ̀ yẹn tó wá. Boomer, awakọ̀ òfuurufú tí kò kọ́kọ́ mọ̀ pé Cylon ni òun, ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bí ìtàn bá ṣe nílò rẹ̀. Ní ti Starbuck, awakọ̀ òfuurufú ogun tó kú tó sì padà wá láìsí àlàyé, àwọn kan mú un dá ara wọn lójú pé Cylon tó sọnù, Daniel, ni bàbá rẹ̀. Moore sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì fi ìdáhùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Bí eré náà ṣe parí bí ọ̀pọ̀ nínú, nítorí wọ́n sọ fún wa pé áńgẹ́lì ni Six tí Baltar ń rí, pé ọwọ́ Ọlọ́run ló darí gbogbo rẹ̀. Ó bí èmi náà nínú nígbà àkọ́kọ́. Ọkàn mi ti rọ̀ díẹ̀ báyìí, nítorí ohun méjì tí kò sí áńgẹ́lì nínú rẹ̀. Nígbà tí Galactica fẹ́ lọ sójú ogun ìkẹyìn, ó yẹ kí Baltar bá àwọn tó ń kúrò lọ, àyè wà fún un, ó sì dúró. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì parí, tí òun àti Six tó jẹ́ Cylon gidi, kì í ṣe ti áńgẹ́lì, dúró lórí ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé, ó sọ fún un pé òun mọ iṣẹ́ oko. Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀, ó bú sẹ́kún, obìnrin náà sì dì í mọ́ra.

Mo ní kí ẹ rà á, kí ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Àbúrò mi wo ìparí náà pẹ̀lú mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dàlẹ̀ náà ni ṣá o,” ó sì ní kí n bá òun fi àwo àkọ́kọ́ sí i padà, kí òun lè tún wo ibi tí ìyá àgbàlagbà yẹn ti na ìwé sí i.