Àwọn tó fi káńtà kó ẹrù mi wọ Alékúwodò, Òṣogbo: iṣẹ́ wọn rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wá sí fláàtì láàárín ìgboro Òṣogbo, owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ni kẹ́ ẹ bi àwọn akẹ́rù. Ẹ bi wọ́n níbi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó kó mi láti Ìbàdàn ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ mi.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo gbà, ní Alékúwodò. Àdúgbò yẹn ti wà kí Òṣogbo tó di olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, ojú ọ̀nà tiwa ò fẹ̀, gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, ṣọ́ọ̀bù sì tò síwájú ilé. Bí káńtà bá dúró sáàárín ọ̀nà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní í rí ọ̀nà kọjá, ìjà dé nìyẹn.

Kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi ni awakọ̀ ti pè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ya fọ́tò ẹnu géètì yín, ẹ ya ti ojú títì, kẹ́ ẹ ya wáyà iná tó wà lókè, kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp." Ẹnikẹ́ni ò bèèrè wáyà lọ́wọ́ mi rí. Ó rí i nínú fọ́tò pé ọ̀kan ti wálẹ̀ lórí géètì, pé tí wọ́dúróòbù bá ga lórí ọkọ̀, á fà á já. Ó ní òdìkejì lòun máa páàkì sí, níwájú ìyá aláta, kí n lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Mo lọ kí wọn kú ọjà. Ìyá ní, "Kò burú, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè dé, kí àwọn oníbàárà mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé." Ìyẹn la fi fi í sí àárọ̀. Kẹ́ẹ̀tékà náà ní kí àwọn tó ní mọ́tò kó o jáde.

Nítorí oṣù kẹjọ ni, awakọ̀ bèèrè ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Ọjọ́ tí Arugbá bá ru igbá láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí igbó Ọ̀ṣun, èrò a máa bo Ọjà Ọba àti gbogbo agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá kó ẹrù gba ibẹ̀ kò ní í tètè dé. A mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán wá. Bí wọ́n ṣe dé, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá gígùn kan wo ibi tí wáyà ga dé, kó tó rìfáàsì. Kọ̀ńdọ́ fi òkúta dè é ní táyà. Wọ́n wá na pákó tó nípọn sórí gọ́tà, kí alábàárù má bàa máa fò ó tòun ti ẹrù. Nígbà tí fíríìjì ń gorí pákó náà, ó tẹ̀ díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn pariwo, "Rọra o, ẹ dúró ṣinṣin!" Fíríìjì ò tiẹ̀ fara pa rárá. Ní gbogbo àkókò yìí, kẹ̀kẹ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sẹ́ni tó fun fèrè mọ́ wa.

Ohun tí wọ́n ṣe tó bí mi nínú ni pé wọn ò sọ, àfi ìgbà tí ẹrù ti wà nílẹ̀, pé owó gbígbé e gun àtẹ̀gùn yàtọ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Tapólì wọn náà ti lu, òjò Gbọ̀ngán sì rin etí mátírẹ́ẹ̀sì mi. Kí wọ́n ra tapólì mìíràn.

Owó wọn ju ti àwọn tó máa ń dúró ní gáréèjì lọ, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti fún àbúrò mi tó ń kó bọ̀ wá sí Òkè-Fìà ní nọ́ńbà wọn. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ owó àtẹ̀gùn mọ́ àdéhùn kó tó san àsansílẹ̀.