Àyẹ̀wò EarthExplorer: Bí Mo Ṣe Rí Àwòrán Ilẹ̀ Wa Ti Ọdún 1984

Nígbà tí ẹbí wa fẹ́ mọ bí oko bàbá wa àgbà ní apá Ọbáńtókò, níbí ní Abẹ́òkúta, ti rí kí ilé tó bò ó, ojú òpó EarthExplorer ni mo kọ́kọ́ ṣí. USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì, ló ni ín. Láti ọdún 1972 ni sátẹ́láìtì Landsat, tí àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ń ya àwòrán ayé, láti 2008 ni gbogbo rẹ̀ sì ti di ọ̀fẹ́. Kéèyàn ṣáà ti forúkọ sílẹ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ ó fi ìlà yí Abẹ́òkúta ká lórí máàpù, ẹ ó mú ọdún àti oṣù, ẹ ó sì yan irú àwòrán tí ẹ ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ oṣù yìí gba sùúrù. Ẹni tó bá mú oṣù kẹfà tàbí ìkẹsàn-án, ìkùukùu ni yóò máa wò bí òwú tí wọ́n sá, ẹni tó bá sì bọ́ sí àárín ọyẹ́, bí ìgbà tó ń wo ilẹ̀ nínú omi ìfọṣọ ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwòrán Landsat 7 tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2003, nítorí pé ẹ̀rọ kan bàjẹ́ lára rẹ̀, ìlà dúdú sì ń là wọ́n kọjá.

Àwòrán oṣù kejìlá ọdún 1984 ni mo gbé. Sátẹ́láìtì náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, nítorí náà mo to àwọ̀ rẹ̀ kí ewéko lè pọ́n kí omi sì dúdú. Odò Ògùn wọ́ gba inú ìlú kọjá bí okùn, adágún ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 sì dà bí íńkì tó ṣèèṣì dà sórí ìwé. Ọbáńtókò pọ́n bí epo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n ju àyíká rẹ̀ lọ, ó ní, "Etí odò tí a ti ń pọnmi nìyẹn." Abẹ́ títì ni omi náà ń gbà báyìí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ yanjú ìjà ààlà. Igun mẹ́rin tó kéré jù nínú àwòrán náà jẹ́ mítà 30 ní ìbú àti òró, èyí tó jẹ́ 900 mítà onígun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju bíi 670 lọ. Odindi pulọ́ọ̀tì kò kún igun mẹ́rin kan! Pèrègún tí àwọn baba wa gbìn sí ààlà kò lè hàn níbẹ̀ láé. Iṣẹ́ sọ́fẹ́yọ̀ nìyẹn. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó wà lójú òfurufú láti 2015, mọ́ jù ú lọ, ó dé mítà 10, àmọ́ kò mọ ohunkóhun nípa ayé àtijọ́. Àwòrán amí Corona, tí Amẹ́ríkà yà láàárín 1960 sí 1972 tí wọ́n sì tú àṣírí rẹ̀ ní 1995, wà lórí ojú òpó kan náà. Èyí tí wọ́n ti sọ di ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀fẹ́, owó ni ẹ ó san fún ìyókù.

Ẹ ra dátà dáadáa, torí pé àwòrán tuntun kan lè tó gígábáìtì kan. Ibi ìtẹ̀wé ni ọwọ́ mi ti jó: ìsọ̀ kan láàárín ìlú fa àwòrán náà kí ó lè kún bébà, adágún Ọ̀yán fẹ̀ bí àwo, ìwọ̀n kìlómítà tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ sì di irọ́. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tún gbowó. Èyí tó dára wà lára ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n fi bo tábìlì.