Àyẹ̀wò Ara Ọdọọdún ní Ilé Ìwòsàn Aládàáni Kan: Ohun tí Ojú Mi Rí

Kò sí ibi tó ń dùn mí nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lóṣù tó kọjá. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí wọ́n ti dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn. Ó ní kí n lọ tọ̀ ná, kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kí n sì gbé apá lé tábìlì kí ó lè bá ọkàn mi dọ́gba. Nígbà tí mo fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ, ó fi ìka lé ètè, nítorí pé ọ̀rọ̀ sísọ lásán tó láti gbé òǹkà náà sókè. Ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá àkọ́kọ́ tó fẹ́ wé mọ́ apá mi kéré, ó sì pààrọ̀ rẹ̀, torí ọ̀já tó bá fún jù a máa sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n, ìkejì sì jẹ́ 136 lórí 86. Kò tíì dé 140 lórí 90 tí ọ̀pọ̀ dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n 122 lórí 78 ni tèmi nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Ká ní ìwé ìgbà náà kò sí nílẹ̀ ni, ǹ bá ti máa yangàn kiri pé ara mi le. Lójú tèmi, ohun tí à ń sanwó fún gan-an nìyẹn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì kankan, ó sì lè máa ba kíndìnrín jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí onítọ̀hún tó fura.

Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Kò gba ààwẹ̀, ó sì ń sọ bí ṣúgà ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó ṣọ́ ẹnu fún ọjọ́ méjì péré kò lè fi tan dókítà jẹ (mo ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí). Tèmi jẹ́ 5.4%, láti 6.5% lọ sókè ni ti àtọ̀gbẹ.

Ìdí káńtà ni inú ti bí mi. Ẹni tó ń gbowó ń rọ̀ mí pé kí n fi àwòrán gbogbo ara, èyí tí ẹ̀rọ ń yà láti wo inú ara, kún un, láìbéèrè ọjọ́ orí mi tàbí àìsàn tó wà nínú ìdílé wa. Àyẹ̀wò tó ní ohun kan pàtó tó ń wá yàtọ̀ sí èyí: ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, fún àpẹẹrẹ, lè rí ìyípadà kí ó tó di jẹjẹrẹ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí kó èsì ìwádìí 17 pọ̀ lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé àyẹ̀wò gbogboogbò lásán kò fi bẹ́ẹ̀ dín ikú kù. Mo kọ àwòrán náà.

Èsì dé sórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi pupa kọ òǹkà kan, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó máa ṣàlàyé títí di ọjọ́ Ajé. N kò sùn dáadáa. Nígbà tí mo rí dókítà, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ti ènìyàn 95 nínú 100 tí ara wọn dá, nítorí náà márùn-ún yóò bọ́ síta láìní àrùn kankan. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí n máa wọn ìfúnpá nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì mú un padà wá.

Màá padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sanwó títí wọn yóò fi kọ ọjọ́ tí màá rí dókítà sínú ìwé mi.