Sítíkà Pátákó àti Ráàpù Gidi: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà fún Ọ̀kadà Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rá tó ń lẹ̀ pa àwọ̀ ọ̀kadà rẹ̀ dà nílé, àwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé búlúù ló máa dáa jù ni, àbí dúdú tí kì í dán?" Èmi náà á bi í padà pé: apá ibo lára ọ̀kadà lo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ìrísí ibẹ̀ ló ń sọ irú ọ̀rá tó yẹ kéèyàn fowó rà. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ gba sítíkà olówó pọ́ọ́kú. Táǹkì tó yọkùn níwájú, tó sì tún wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí orúnkún ń fara tì, kò gbà á.

Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé, Bajaj Boxer ni mò ń gùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe pátákó ìpolówó ni mo ti ra ọ̀rá pupa tó ń dán yinrin. Ó ní ojúlówó ni, pé ó nípọn dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ni mo lẹ̀ ẹ́, ó sì jọjú. Àwọn ará kọ́ńpáùndì wa ń bá mi yọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè níbi ìdérí táǹkì, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti gbẹ. Eruku wọ abẹ́ rẹ̀, ó di òrùka dúdú yí ìdérí náà ká. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ padà. Mo gùn ún dé Dei-Dei nínú òòrùn, ó tún dìde. Owó yẹn dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tí kò tíì ná tirẹ̀.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe fáínìlì, ìyẹn ọ̀rá tí à ń lẹ̀ mọ́ nǹkan yìí, orúkọ tí ẹ ó sì máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á ni calendered àti cast. Calendered ni èyí tí wọ́n fi rólà gbígbóná tẹ̀ títí tó fi tẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìgò yí ìyẹ̀fun ṣinṣín lórí tábìlì. Ẹ ti rí bí ìyẹ̀fun yẹn ṣe ń sún padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rá yìí ń ṣe bí òòrùn bá ti pa á. Òun ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe pátákó máa ń lò, òun ni mo sì ń pè ní sítíkà pátákó.

Cast, tó jẹ́ ráàpù gidi, ní tirẹ̀, ike olómi ni wọ́n dà sórí ìwé tó jọ̀lọ̀, tí wọ́n sì gbé gba inú ààrò kọjá kó lè gbẹ. Ẹnikẹ́ni kò fà á nígbà tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà kò níbi tó fẹ́ sún padà sí. Èèyàn lè fi ooru mú un rọ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn táǹkì, yóò sì jókòó síbẹ̀.

Ìnípọn ló ń tan oníbàárà jẹ, òun ló tan èmi náà. Cast gan-an ló sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù. Fífẹ́lẹ́ yẹn ló jẹ́ kó lè tẹ̀lé kọ̀rọ̀ àti ìgun. Bí ẹni tó ń tà á bá ń fi ìnípọn yangàn fún yín, ẹ rọra bi í bóyá cast ni.

Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó láti fi rajà. Oracal 651 jẹ́ calendered, lẹ́tà àti iṣẹ́ pátákó ló wà fún. Oracal 970RA jẹ́ cast, ọkọ̀ ló wà fún. Ilé iṣẹ́ kan náà ní Jámánì ló ń ṣe méjèèjì, nítorí náà nọ́ńbà ni kí ẹ wò. 3M 2080 àti Avery Dennison SW900 náà jẹ́ cast. Ẹ yí ọ̀rá náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀rá ráàpù máa ń ní ojú ọ̀nà tín-ín-rín bí àwọ̀n, tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ayédèrú náà ti ń ní àwọ̀n yìí báyìí, èyí ló jẹ́ kí n máa dán an wò kí n tó ra mítà kan.

Báyìí ni mo ṣe ń dán an wò. Mo máa ń ní kí wọ́n gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan fún mi, kódà bí mo bá máa sanwó rẹ̀. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí ńlá onírin tí a fi ń bu ọbẹ̀, torí ikùn rẹ̀ jọ ti táǹkì. Mo fi ooru mú un rọ̀ kó tẹ̀lé ìrísí ṣíbí, mo gé etí rẹ̀ mọ́ra, mo wá gbé e sórí fẹ́ǹsì nínú òòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Calendered á ti sún wọlé, ẹ ó rí irin lásán yípo etí rẹ̀, tàbí kó hunjọ. Cast á wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ní ti owó, mítà cast kan máa ń wọ́n ju ìlọ́po méjì ti sítíkà pátákó lọ. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Ráàpù tí wọ́n ká jọ máa ń fẹ̀ tó mítà 1.52, mítà kan àti ààbọ̀ sì tó mi fún táǹkì àti mọ́gáàdì iwájú, pẹ̀lú èyí tí mo bàjẹ́. Ọ̀kadà kì í wọ àárín ìlú Àbújá láti 2006, nítorí náà ẹ fi ìwé ìròyìn gé ìwọ̀n táǹkì yín nílé, kí ẹ ká a sínú báàgì, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì lọ rajà. Ẹ lè wá fi sítíkà pátákó bo ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bó bá tẹ́, àti ìlà tín-ín-rín tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe tèmi, kò sì sí èyí tó ti ká sókè.

Ráàpù tàbí ọ̀dà?

Ẹni tó ń fi ọ̀kadà ṣe achaba, ìyẹn kíkó èrò, láàárọ̀ títí di alẹ́, tó ń ra epo lójoojúmọ́, tó ń di àpò ìrẹsì mọ́ ọn, kó lọ fín ọ̀dà. Epo bẹntiróòlù tó bá ń dà sí etí ráàpù léraléra á jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn ẹrù á máa họ ọ́. Ọ̀dà tí wọ́n parí dáadáa gba ìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, tó sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ráàpù ló yẹ ẹ́. Bí ó bá ṣí i, ọ̀dà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tún táǹkì yín fín rí tí wọn ò sì ṣe é dáadáa, ráàpù lè bó ọ̀dà náà mọ́ra lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣí i. Ọ̀dà tuntun gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ìpẹtà ńkọ́? Ráàpù kì í wò ó sàn. Ẹ ha á kúrò, ẹ dí ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ihò àti gegele rẹ̀ ló máa hàn lábẹ́ ọ̀rá.

Nínú àwọ̀, dúdú tí kì í dán lẹ́wà, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ máa ń hàn lára rẹ̀, ẹ ò sì lè fi ohun ìdán pa á. Èyí tó ní ojú bí aṣọ híhun, tí wọ́n ń pè ní carbon, ló máa ń bo àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kírómù tó ń dán bíi dígí ni kí ẹ fi sílẹ̀: ó le láti tẹ̀, kì í sì í pẹ́.

Ooru, eruku àti iná

Ohun èlò kò pọ̀: ike pélébé tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́ létí, abẹ tuntun, ọtí isopropyl tí ẹ fi máa nu ara táǹkì títí aṣọ funfun kò fi ní dọ̀tí mọ́, àti heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Heat gun ló lè dá yín dúró. Púpọ̀ nínú wọn máa ń jẹ iná tó 1,500 sí 2,000 watt, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò sì lè gbé e. Ẹ dúró de iná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ooru kankan sún mọ́ táǹkì tó ní epo. Táǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ gan-an léwu, torí oru epo ṣì kún inú rẹ̀. Mo yọ tèmi kúrò lára ọ̀kadà, mo da epo rẹ̀ jáde, mo ṣí i sílẹ̀ níta fún ọjọ́ mẹ́ta títí tí mi ò fi gbóòórùn kankan mọ́, kí n tó dé e tí mo sì dí ẹnu ibi tí epo ń gbà jáde. Mo mọ àwọn tó ń lo iná àbẹ́là tàbí ti gáàsì láti fi mú un rọ̀. Ẹ má dán an wò láéláé.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku wọlé, hóró kan ṣoṣo tó bá sì há sábẹ́ ráàpù á yọ bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ọ̀sán máa ń gbóná ju 35°C lọ. Ọ̀rá á rọ̀ jù, gọ́ọ̀mù á sì gbá a mú kí ẹ tó tẹ́ ẹ sí àyè rẹ̀. Nǹkan bí 16 sí 32°C ló tọ́. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá: fèrèsé ní títì, fáànù ní pípa, omi díẹ̀ lórí ilẹ̀ kí eruku má baà dìde. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ẹ fi ooru gba etí àti kọ̀rọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi gbóná tó nǹkan bí 95 sí 105°C, kó má baà rántí ìrísí tó ní tẹ́lẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń fò nìyí, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Àwọ̀ ọ̀kadà wà nínú ìwé rẹ̀. Bí ẹ bá pa á dà pátápátá, ẹ lọ tún ìwé náà ṣe ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí VIO tó dá yín dúró. Bí ẹ bá sì dé ilé epo, ẹ mú aṣọ gbígbẹ dání: èmi máa ń tẹ́ ẹ yí ẹnu táǹkì ká kí wọ́n tó ki nọ́sù bọ̀ ọ́, mo sì ń nu èyí tó bá ta sílẹ̀ kí n tó sanwó.